Bí Ìyá Ṣadé Ṣe Fọ Wúrà Bí Ẹ̀wà Nínú Odò Orco

Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn Pietro há mọ́ ọn létí odò Orco, èrò inú ọkọ̀ mi ti wọ bàtà rọ́bà tán, wọ́n dúró, wọ́n ń wò wá. Láti èbúté Savona ní Ítálì ni mo ti gbé wọn wá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì káàkiri ayé. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gúnlẹ̀ láàárọ̀, èrò rẹ̀ á lọ ṣe ìgbafẹ́ ọjọ́ kan, èyí tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní gita. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ òkun ti ń lọ. Kì í dúró de ẹni tó bá pẹ́.

Èmi ni mo ń wa pullman, ìyẹn bọ́ọ̀sì gígùn. Collegno, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin, ni èmi àti ìyàwó mi Morẹ́nikẹ́ ń gbé. Ìyá Ṣadé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé orúkọ ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ mi rí. Novara ni mo ti bẹ̀rẹ̀, tí mo ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí. Beppe, ọ̀gá tó kọ́ mi bí a ṣe ń wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà orí òkè, máa ń sọ pé, "Gbadé, wà á bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná sórí itan." Bẹ́ẹ̀ náà ni mo wà á títí.

Nígbà tí irun mi funfun, Signora Marisa, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wa, fẹ́ kí n lọ jókòó sílé. Ó ní ọ̀dọ́ awakọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Èmi àti Pietro bá gbé ìmọ̀ràn lọ bá a. Àgbàlagbà ará Piemonte, agbègbè tí Turin wà, ni Pietro, ó ti ń fọ wúrà nínú odò láti kékeré, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Wúrà wà nínú àwọn odò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Alps. Kò pọ̀, èérún lásán ni, àmọ́ wúrà ni. A ní kí á máa gbé èrò ọkọ̀ òkun lọ síbẹ̀, dípò ààfin àti ṣokoléètì tí gbogbo wọn ti rí sú.

Signora Marisa rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀kan péré," ó ní. "Bí wọ́n bá padà dé tí wọ́n ń ráhùn, gita yìí tán, ìwọ náà tán níbí, Gbadé. Ẹ kúkú da wúrà díẹ̀ sínú iyanrìn kí wọ́n tó dé. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é."

Pietro ní, "Ọlọ́run nìkan ló ń da wúrà sínú odò yẹn."

Ọjọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré yẹn ni Pietro bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí òkúta kan kúrò lọ́nà, tí kò lè nàró mọ́. A gbé e jókòó sórí àga. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, òkúta ló sì ń fi bú.

Bàbá kan láti Kánádà, Walter, sún mọ́ mi. Ó ti wọ ọkọ̀ òkun dé àwọn ìlú tí wọ́n ti wa wúrà láyé àtijọ́ ní Alaska.

"Níbẹ̀, wọ́n ti da wúrà sínú àwo kí n tó dé," ó ní. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"A ò da nǹkan kan síbẹ̀."

"Ó dáa. Bí mo bá rí ẹyọ kan, gbogbo ọkọ̀ ló máa gbọ́. Bí mi ò bá rí i, wọ́n á gbọ́ ìyẹn náà."

Wọ́n gba batea, àwo fífẹ̀ tí a fi ń fọ wúrà, wọ́n wọnú omi. Wọ́n ń yí i bí ẹni ń wa ọkọ̀ sá fún ọlọ́pàá, gbogbo iyanrìn sì ń dànù pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́, àwọn kan ti jókòó sórí òkúta. Doris, ìyàwó Walter, ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Tìtorí oúnjẹ nìkan ni Ìyá Ṣadé fi bá wa wá. Mọ́ínmọ́ín ló gbé wá, ó jókòó sábẹ́ òjìji ọkọ̀, ó ń wò wọ́n.

"Bàbá Ṣadé, ṣé wúrà yẹn wúwo ju iyanrìn lọ?"

"Ó wúwo jù ú lọ dáadáa."

"Ṣebí òkúta inú ẹ̀wà nìyẹn. Kí ló wá le níbẹ̀?"

Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà nílé wa mọ ohun tó ń sọ. A máa da omi sí i, a ó máa mi abọ́, ẹ̀wà á ṣàn lọ sínú abọ́ kejì, òkúta á sì kù sísàlẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ṣe é nílé ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Ní Collegno, tí ẹ̀wà ti mọ́ nínú páálí, kò jáwọ́. Ṣadé ọmọ wa a máa pariwo, "Mamma, è già pulito!", pé ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ní ojú òun kò tíì gbà á.

Ó gbá ìró rẹ̀ sókè, ó kó mọ́ínmọ́ín kúrò nínú abọ́ méjì, ó wọnú odò. Pietro rí abọ́ oúnjẹ, ó fi ọwọ́ bojú.

"Pietro, riposa," ló sọ fún un, pé kó sinmi. Ó bu iyanrìn, ó ń mì í, ó ń dà á. Walter wá dúró tì í. Ìyá Ṣadé gbé abọ́ lé e lọ́wọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Bàbá Walter. A ò bá omi jà. Nílé wa, èyí tó bá kù nísàlẹ̀ là ń dà nù. Òun gan-an lẹ̀yin ń wá."

Iyanrìn funfun lọ, iyanrìn dúdú ló kù. Ìyàwó mi ní kó dúró. Walter gbé abọ́ sún mọ́ ojú, ó ṣí fìlà. "Doris," ó ní, "wá wo nǹkan." Omi ń mì, ṣùgbọ́n èérún pupa mélòó kan wà lórí iyanrìn dúdú tí kò mira.

A gbé e tọ Pietro lọ. Ó wò ó pẹ́. "Òun ni," ó ní.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ni láti mú wọn jáde nínú omi. Mo fọn fèrè ọkọ̀ títí. Bí mo bá ti tẹ bíréèkì lójú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ á jùmọ̀ sọ pé, "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Gbadé!" Ọbẹ̀ orí itan kò dà, a dé kí ọkọ̀ òkun tó gbéra. Walter ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ìgò kékeré rẹ̀ sókè bí ife ẹ̀yẹ.

Signora Marisa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí lẹ dà síbẹ̀?"

"Abọ́ ẹ̀wà," mo ní.

Gita náà ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí ọkọ̀ òkun bá ti gúnlẹ̀, èrò á máa béèrè obìnrin alábọ́.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Ìyá Ṣadé fi ayé sílẹ̀. Mo ní mi ò ní rí odò yẹn mọ́. Pietro wá sí Collegno, ó di fìlà mú lọ́wọ́. "Ọkọ̀ òkun ń bọ̀," ó ní. "Ta ni yóò kọ́ wọn?" Ṣadé, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Turin, ló dáhùn láti ilé ìdáná: "Ci vado io, papà." Òun ni yóò lọ. Nígbà tí mo wo ọwọ́ rẹ̀, abọ́ méjèèjì ló kó dání.

Mo bá wọn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí odò, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn awakọ̀ tuntun, mo ṣí fèrèsé. Mo gbọ́ Ṣadé: "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́." Mo gbọ́ Pietro, ó ń sọ fún obìnrin kan: "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, signora." Lódìkejì odò, àwọn ọ̀dọ́ Ítálì kan tí mi ò mọ̀ rí ń fọ wúrà tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn ń kánjú, èkejì sì pariwo mọ́ ọn: "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́!"

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún, mo ní kí Ṣadé fún mi ní abọ́ kan.