Oògùn Ìyá Tó Ń Ra Ẹja Lórí Ọ̀sà

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ní Bàrígà, ohun tí àwọn olùkọ́ wa tẹnu mọ́ ni pé bí èèyàn bá gbà pé àìsàn lè pa òun, tó sì gbà pé oògùn lè gba òun là, yóò lo oògùn náà. Ìlànà yẹn ni mo ń gbé kiri etí ọ̀sà nínú oòrùn, títí ẹsẹ̀ mi á fi wú.

Ìyá Ìlàjẹ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n máa ń wọkọ̀ lọ pàdé àwọn apẹja lórí omi láti ra ẹja. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ṣàlàyé rọpárọsẹ̀ fún wọn títí. Wọ́n á mi orí, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á bu omi fún mi mu. Oògùn tí mo fún wọn kò sì dín.

Lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè ṣàlàyé mọ́. Mo kàn jókòó tì wọ́n.

"Màámi, ṣé ẹ ò bẹ̀rù rọpárọsẹ̀ ni?"

"Ọmọ mi, òun ló pa ọkọ mi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń wẹ̀ fún un títí ó fi kú. Kí lo tún fẹ́ kọ́ mi nípa ẹ̀?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ kì í lo oògùn?"

Wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìtọ̀ ni. Tí mo bá lò ó láàárọ̀, ìtọ̀ ò ní jẹ́ n sinmi. Èmi nìkan sì lobìnrin nínú ọkọ̀. Níbo ni kí n tọ̀ sí?"

Nínú gbogbo ìbéèrè tí mo ń bi wọ́n láti ọjọ́ yìí, ìyẹn ò sí níbẹ̀.

Mo lọ sọ ọ́ fún dókítà wa, kò sì bá mi jiyàn. Ó ní kí ìyá máa lo oògùn lọ́sàn-án, tí wọ́n bá ti ti orí omi dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì wálẹ̀ tó bá a ṣe fẹ́.

Ní báyìí, mo máa ń jókòó kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ń gba àkókò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan ní Abúlé Òkúta sọ̀rọ̀ òrùlé rẹ̀ tó ń jò fún mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kó tó na apá fún mi kí n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tiẹ̀.