Férémù Tí Bọ̀dá Mi Rà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi ń kó lẹ́tà gun òkè. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn, torí ọ̀nà tó lọ sí àwọn abúlé orí òkè náà kò gba mọ́tò: òkúta ni, gbòǹgbò igi ni, kòtò tí òjò gbẹ́ ni. Ó ń kó lẹ́tà, ó ń kó oògùn àwọn arúgbó, ó sì ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Bí obìnrin kan bá bímọ lókè, àwa tó wà nísàlẹ̀ á ti gbọ́ kí wọ́n tó wẹ ọmọ náà tán. Ìyàwó rẹ̀ ní kó máa dákẹ́ nígbà míràn, Bọ̀dá á ní owó oṣù tí wọ́n ń san fún òun, ti ẹnu òun wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí bàbá wa kú, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Bọ̀dá ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sílé ìwé, òun ló ń sanwó rẹ̀, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na sípókù tó bá wọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti gba orúkọ tí gbogbo èèyàn ń pè mí, Onísípókù. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo ṣe é sí.

Ọkọ mi tó ti kú ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi ní ìlà àwa tó ń ta kẹ̀kẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, a sì ní òfin kan: bí oníbàárà bá ti gbé ọwọ́ lé ọjà ẹnìkan, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ bẹnu àtẹ́ lu ọjà náà. Ẹni tó bá ṣe é, oṣù mẹ́fà ni yóò fi ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Kí ẹ má wá ẹlòmíràn bú, èmi ni mo dá òfin yẹn sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọkọ mi, àwọn kan a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á máa sọ fún oníbàárà mi pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa irin. Mo jà, mo sunkún, mo halẹ̀, títí gbogbo wọn fi tọwọ́ bọ ìwé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kàn án mọ́ ògiri.

Ó ku oṣù mọ́kànlá kí Bọ̀dá pé ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ogún ọdún ni ọ́fíìsì wọn ní kéèyàn lò kó tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan dín, ọwọ́ òfo ni yóò gbé relé. Ìgbà yẹn gan-an ni ọrùn férémù, irin tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ró, kán. Wẹ́dà ti jó o lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wẹ́dà ní òun ò fọwọ́ kàn án mọ́, pé òun ò fẹ́ kí ìyàwó ẹnìkan wá bi òun léèrè ọkọ. Ọ̀gá tuntun kan sì ti dé ọ́fíìsì, ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé, òun máa yẹ kẹ̀kẹ́ gbogbo wọn wò, pé ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò bá pé, òun á gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó ní alùpùpù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bọ̀dá wá sí ìlà wa. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó ra odindi kẹ̀kẹ́. Férémù nìkan ló fẹ́ rà. Táyà, pẹ́dà, ṣéènì àti fọ́ọ̀kì iwájú tó ní sípírín, ara èyí tó kán ni yóò ti tú wọn. Irú tó ń wá ni èyí tí sípírín ń jẹ́ kí iwájú rẹ̀ máa mì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi. Èyí tó ń mì níwájú, tó tún ń mì lẹ́yìn, owó ńlá ni, ó sì máa ń jẹ agbára ẹni tó bá ń gun òkè.

Mo ti gbé ọ̀kan kọ́ dè é láti àárọ̀. Irin ni, dúdú, kò rẹwà rárá, ṣùgbọ́n mo ti fi òòlù kékeré kàn án láti orí dé ìdí, kò sí ibi tó ti dún òdì. Mo ti wọn ọrùn rẹ̀, fọ́ọ̀kì Bọ̀dá á wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó gbé e sókè, ó gbé e kalẹ̀.

“Àbúrò, èyí wúwo. Ṣé ìwọ náà jókòó sínú rẹ̀ ni?”

“Irin ni, Bọ̀dá. Bó bá kán, wọ́n á jó o. Kò ní já yín kulẹ̀.”

“Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí,” ó ní. “Àyà mi ló máa kọ́kọ́ kán.”

Ó bá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ti ọkùnrin tí à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó sọ̀rọ̀. Alumíníọ̀mù ni férémù tó wà níbẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó ń dán. Bọ̀dá fi ìka méjì gbé e. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń gbé e káàkiri iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kí n má purọ́ fún yín, inú bí mi. Mo ti dá oníbàárà méjì padà lórí férémù tí mo fi pamọ́ fún un, òun wá ń ba ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ìlà.

Mo sún mọ́ wọn. Níbi tí òpó ìjókòó ti pàdé ọ̀pá òkè, pẹ́ńtì ibẹ̀ jẹ́ tuntun ju ti ibi tó kù lọ, kò ju ìwọ̀n ìka kan lọ. Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ò lè rí i. Èmi rí i. Ó ti sán níbẹ̀, wọ́n fi nǹkan dí i, wọ́n sì kùn ún. Alumíníọ̀mù ò sì dà bí irin tí wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè jó. Bó bá ti sán, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bọ̀dá yíjú sí mi. “Onísípókù, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n gbé e?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ro ìlẹ̀kùn mi tí yóò wà ní títì fún oṣù mẹ́fà. Mo sì ro férémù mi tó gbé kalẹ̀.

Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ máa gùn ún. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ gbé.”

Ó rò pé mo kàn ń fajú ro ni. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó sanwó, ó gbé e lọ.

Mo sọ fún ara mi pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá lọ bá a nílé. Òfin wa ò ní ká má sọ̀rọ̀ nílé. Ìrọ̀lẹ́ dé, mi ò lọ. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, mo ń fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wọn yẹ kẹ̀kẹ́ náà wò, ó ní ó dára. Bọ̀dá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó ń súfèé, ó juwọ́ sí mi, mo juwọ́ padà. Mo ní bí mo bá sọ ọ́ nísinsìnyí, níbo ló ti fẹ́ rí owó òmíràn? Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí férémù yẹn dà á láàmú díẹ̀, kó lè padà wá bá mi, kó ní, àbúrò, òótọ́ lo sọ.

Ọ̀sẹ̀ méje ni férémù náà lò. Bọ̀dá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè nígbà tó kán sí méjì lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ṣẹ́gi ló bá a nínú kòtò, lẹ́tà fọ́n ká sára rẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ kán, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún náà kán. Dókítà ní ọwọ́ náà ò ní lè di búréèkì mú mọ́. Ọ́fíìsì kọ̀wé sí i pé kẹ̀kẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ wò kò lè ṣàdédé kán, pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, pé kó dá aṣọ iṣẹ́ wọn padà. Ogún ọdún ò pé. Owó ìfẹ̀yìntì wọlẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ iṣẹ́ náà sórí itan, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, bí ẹni pé iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Bọ̀dá jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Férémù náà wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, apá méjì.

“Jókòó,” ó ní. “Wò ó fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú ni mi ò ti sùn dáadáa. Bóyá mo di ìjókòó rẹ̀ le jù. Bóyá eré mi ló pọ̀ jù níbi kòtò yẹn. Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Má tìtorí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ fi nǹkan pamọ́, sọ òótọ́. Kí ni mo ṣe sí i?”

Mo gbé e. Níbi tó ti kán, apá kan ń dán, apá kejì ti dúdú, ó ti pẹ́. Mo lè sọ pé ó ti sán tẹ́lẹ̀, kí n sì dákẹ́ síbẹ̀. A ò bá jọ bú Ẹlẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí, ó ń dúró kí n dá òun lẹ́bi, mi ò sì lè gbà á.

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan sí i, Bọ̀dá. Ó ti sán kí ẹ tó rà á. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn.”

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ dúró.

“O rí i,” Bọ̀dá ní.

“Mo rí i.”

“Mo bi ọ́.”

“Ẹ bi mí.”

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ti òfin, mo sọ ti oṣù mẹ́fà, mo sọ pé inú ló bí mi, pé mo fẹ́ wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ tán, ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ bú mi, bẹ́ẹ̀ èébú ni mò ń dúró dè.

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “bá mi sin àlejò jáde.”

Ìyàwó gbé aṣọ iṣẹ́ náà sórí àga, ó dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi.