Èsì Omi Odò Aládé

Òórùn kòkó tí ó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní Aládé. Títí di òní, inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ ọ.

Ìwọ náà ti ṣe ìwádìí rí, o mọ bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́ta ni: ọ̀gá wa, tí gbogbo yunifásítì ń pè ní ọ̀rẹ́ àgbẹ̀, ọkùnrin kan tí ó mọ̀ nípa omi, àti èmi, tí mo mọ̀ nípa ilẹ̀. A fẹ́ mọ bí kòkó yóò ṣe máa so títí dé ìgbà ọmọ-ọmọ láì ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi jókòó ní ìlú Odode kí a tó wọ oko, tí a ń jiyàn lórí bí ihò tí a ó gbẹ́ láti yẹ ilẹ̀ wò yóò ṣe jìn tó àti irú ìgò tí a ó fi bu omi. A kò bi ara wa léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ni a ń ṣe é fún. Àṣìṣe ọ̀mọ̀wé nìyẹn. Àgbẹ̀ kò jẹ́ bá ẹlòmíràn dáko láì kọ́kọ́ sọ bí wọn yóò ṣe pín in.

Obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀, tí wọ́n wá láti apá Ìwó, ni wọ́n ń tọ́jú oko kòkó tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Aládé fún onílẹ̀. Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko ni wọ́n ń mu. Obìnrin náà a máa sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa, a sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Ìyá oníwèé, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ṣíbí walẹ̀, ìgbà wo lẹ máa débẹ̀?”

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò omi dé, a rí i pé oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ti wọ inú odò. Mo ní kí a lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá wa ní bí ọ̀rọ̀ bá jáde kí ìwé ìwádìí wa tó jáde, onílẹ̀ yóò lé wa, ẹlòmíràn yóò sì gba iṣẹ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́.

“Ẹ fara balẹ̀, mà,” ni ó wí. “Òtítọ́ kì í bà jẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.”

Ọkùnrin tó mọ̀ nípa omi ń kó àwọn ìgò rẹ̀ sínú àpótí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, obìnrin náà bu omi níwájú mi, ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìró rẹ̀.

“Ìyá, omi wa ń kọ́? Ṣó dáa?”

“A ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò ni,” ni mo wí.

Ó dúpẹ́, ó sì gbé igbá sí ọmọ náà lẹ́nu.

Nígbà tí ìwé wa jáde, mo lọ láti sọ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ti kó lọ. Àwọn ará oko kejì ní ara ọmọ náà kò yá, wọ́n sì ti gbé e lọ sílé. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá omi ni. N kò tún gbúròó wọn mọ́.

Ọ̀gá wa gba oyè lórí iṣẹ́ yẹn. Lónìí, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí pé kí ìwà wọn kọ́kọ́ ṣọ̀kan kí wọ́n tó jọ ṣèwádìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń bú u, tí mo ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìwà wa kò bára mu rárá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí obìnrin náà bi mí léèrè, ọ̀gá wa kò sí nítòsí. Èmi nìkan ni mo wà létí odò, ìwà àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣọ̀kan.