Ìdì Kọ́kọ́rọ́ Bàbá Mi

Ìgbà kẹta tí ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́ lórí afárá, bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀. Bátìrì tuntun ni. Ibi tí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́ tan ọkọ̀, èyí tí ará Abidjan ń pè ní contact, tuntun ni oníṣẹ́ iná mọ́tò fi sí i lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Síbẹ̀, bí táyà bá ti bọ́ sí kòtò báyìí, gbogbo iná iwájú mi á kú pi, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́. Àwọn gbákà, ọkọ̀ èrò ìgboro, ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Ilé ìwòsàn ní Treichville ni mo ń gbé bàbá mi lọ, bí mo ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Alàmísì, nítorí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Wọ́n kàn ń béèrè pé, "Ṣé a ti dé ni?" Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi.

Àwọn ló ni ọkọ̀ náà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ta abọ́ tánganran ní Adjamé nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́. Nígbà tí ojú kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ kankan kúrò nínú ìdì tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà. Ìdì náà wúwo bí ọmọ ọlọ. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, mo máa ń pè wọ́n ní Bàbá Wọ́dà, wọn a sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ̀ tún jí lórí afárá, mo pa ilé ìwòsàn tì, Williamsville ni mo darí sí, mo lọ da ọ̀rọ̀ gbígbóná sí oníṣẹ́ iná náà lára. Ọmọ orílẹ̀-èdè Benin ni, ara rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ.

"Tantie, ẹ má bínú. Contact yẹn dára. Attendez, ẹ dúró ná."

Ó jókòó, ó tan ọkọ̀. Ó fi ìka ta ìdì kọ́kọ́rọ́ tó rọ̀ sílẹ̀, iná iwájú ṣẹ́jú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìdì náà sókè, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ geerege. Ó jù ú sílẹ̀, ọkọ̀ kú.

"Ìdì yìí ló ń fa kọ́kọ́rọ́ wálẹ̀. Bó ṣe ba contact àtijọ́ jẹ́ náà nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi síbẹ̀, c'est tout."

Bàbá mi ní kó wá nǹkan mìíràn ṣe sí i. Oníṣẹ́ iná ní kò sí òmíràn. N kò lè pa ẹnu mọ́.

"Bàbá, kí ni gbogbo irin yìí ń ṣí? Kò sí èyí tó ń ṣí nǹkan kan mọ́!"

Ẹyin lohùn. Ojú tì mí kí n tó sọ ọ́ tán.

Wọ́n na ọwọ́, mo gbé ìdì náà fún wọn. Wọ́n ń fi ìka wá eyín kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ wọ́n sínú fìlà lórí orúnkún.

"Ìsọ̀ Adjamé, èyí tó jóná. Yàrá Treichville, ibẹ̀ la bí ọ sí. Sítóò Vridi."

Ó ku ti ọkọ̀ àti ẹyọ kan tó ṣì ń dán. Mo mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tí wọ́n ń kọ́ yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn láti ìgbà tí mo wà ní école primaire. Wọn kò sùn nínú rẹ̀ rí. Òun ni wọ́n máa ń dì mú bí wọ́n bá ń sọ pé, "Bí mo bá délé."

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," oníṣẹ́ iná sọ. "Ẹyọ kan kò wúwo."

Èmi náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

"Rárá. O ní kò ṣí nǹkan kan mọ́."

Wọn kò bínú. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n fi í sínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò kú mọ́. Kòtò ṣì wà níbẹ̀, à ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún wọn; wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n sì dá a padà fún mi. Ó ń dùn mí gan-an. Bàbá mi kì í sọ pé "bí mo bá délé" mọ́.