Ẹ̀rín Tí Ẹ̀yínadé Yá Lò

Ẹnu àwọn èèyàn ìsinsìnyí ò ní ìwọ̀n mọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò tó kí èèyàn fi eyín kan hàn sí, wọ́n á ní, "Ó pa mí lẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí n kú." Wọn ò kú. Wọ́n á tún jókòó ti abọ́ iyán. Bí ọmọ kan bá wá dákẹ́ láàárín wọn, wọ́n á ní ó ń bínú, tàbí ó ń gbéraga, tàbí nǹkan ń ṣe é. Ká ní ayé ìsinsìnyí ni Ẹ̀yínadé ṣọmọge, wọn ì bá ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà.

Ọmọ Ayétòrò ni. Isaac káfíńtà ló fẹ́ ẹ wá sí Ẹ̀fọ̀n, nígbà tí Àkúrẹ́ ṣì jẹ́ olú ìlú fún gbogbo wa, tí wọ́n ń pè wá ní ará Oǹdó, a fẹ́, a kọ̀. Ó mọ aṣọ rán. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ síwájú fèrèsé, á máa wà á láti àárọ̀, kò sì sí ohun tó wù ú ju pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú òwú òun lọ. Ojú rẹ̀ ò le o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ojú tó sinmi ni, bí omi inú àmù. Ẹ̀rín ni kì í gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀fẹ̀ létí rẹ̀, á gbọ́ ọ, á rò ó, á wá béèrè bóyá òótọ́ ni.

Ilé ẹlẹ́fẹ̀ ló wá bọ́ sí. Bàbá Lásúnkànmí, bàbá ọkọ rẹ̀, kò lè ní kí wọ́n bu omi fún òun láìfi ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin ilé, ìyẹn àwọn tí wọ́n fẹ́ wá sílé náà, ló tún burú jù. Adéjọkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Isaac, ni ìyáalé gbogbo wọn. Obìnrin yẹn lè mú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ́rìn-ín kó tó nu ojú tán.

Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìkókó tí wọ́n bí lánàá, bí ó bá ti ṣáájú rẹ dé ilé, ọkọ rẹ ni. O gbọ́dọ̀ wá orúkọ tí wàá máa pè é. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń sọ orúkọ wọ̀nyẹn, eré ńlá ni. Wọ́n kó àwọn ọmọ síwájú Ẹ̀yínadé lágbàlá, wọ́n kọ́kọ́ ti Ṣadé síwájú, ọmọ tí eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Eyínfúnjowó ni ẹni tí kò gbọ́n pàápàá á pè é. Ẹ̀yínadé wo ọmọ náà títí.

"Kí lo máa pè é, ìyàwó?" Adéjọkẹ́ bi í.

"Ó ń wúkọ́, ìyáalé mi. Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣé wọ́n ti fún un ní nǹkan lò?"

"Orúkọ la ní kó o sọ ọ́. Ta ló ní kó o tọ́jú aláìsàn?"

Ó rò ó, rò ó, orúkọ ò wá. Ó bá pe gbogbo wọn ní Ọmọ-ọkọ-mi. Bó bá pe ọ̀kan láti rán an níṣẹ́, gbogbo wọn á dà gììrì dé, tàbí kí ẹnikẹ́ni má yọjú.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Samuel, àbúrò Isaac, ní ìyàwó àwọn ń wo àwọn bí adájọ́. Ọláyẹmí, tí wọ́n fẹ́ wọ ilé náà ṣáájú rẹ̀, ní ẹni tí kò bá èèyàn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, a ò sì mọ ohun tí wọ́n jọ ń sọ. Isaac pe ìyàwó rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ kan.

"Èmi ò ráhùn o," ó ní. "Mo mọ̀ bó o ṣe rí kí n tó fẹ́ ọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń sọ ọ́ fún mi?"

"Nítorí bàbá rẹ ni."

Ọ̀rọ̀ náà yé Ẹ̀yínadé. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ ti wú ní Ayétòrò, kò sì sí ẹni tí kò mọ ibi tó ń lọ. Bí bàbá obìnrin bá kú, àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ló ń tò tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń kọrin wọ ìlú bàbá rẹ̀. Obìnrin tó bá dá nìkan wọlé, wọ́n á ní kò léèyàn níbi tó lọ. Òkú pàápàá á gbé ìtìjú náà wọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tẹ̀ lé e ńkọ́?

Ó lọ bá Adéjọkẹ́ níbi tó ti ń yan gàrí, ó kúnlẹ̀ sínú èéfín.

"Ìyáalé mi, ẹ kọ́ mi ní ẹ̀rín."

Adéjọkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Háà, èyí dáa. O ti ń mọ̀ ọ́n ṣe."

"Mi ò ṣẹ̀fẹ̀, mà."

Adéjọkẹ́ wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe é. "Ó dáa," ó ní. "Má wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á kàn rú ọ lójú ni. Ọwọ́ mi ni kó o máa wò. Bí mo bá ti gbá itan báyìí, ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Rín in."

Ó rín in. Bí ewúrẹ́ tó ń sín ló rí níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dára sí i. Inú ilé dùn. Wọ́n ní Ẹ̀fọ̀n ti wọ ọmọ Ayétòrò lára. Ta ni yóò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni ọmọ náà wọ̀? Ní ìrọ̀lẹ́, tó yẹ kó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, àgbàlá ló máa wà, ojú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọwọ́ Adéjọkẹ́ bí ojú ajá tó ń wo ẹni tó ń jẹ eegun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro ó. Èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rín rẹ̀ wá dùn mọ́ wọn. Wọ́n á máa gbé ẹ̀fẹ̀ tọ̀ ọ́ wá nídìí máṣíìnì: "Ìyàwó wa, gbọ́ èyí ná." Adéjọkẹ́ ò sì sí níbẹ̀. Kò mọ ibi tí ẹ̀rín wà, á kúkú máa rín gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó wá di pé bó bá ti gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ á já. Aṣọ àwọn oníbàárà ń pọ̀ nílẹ̀. Ó ń ṣàárò ojú ara rẹ̀.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ kan, Bàbá Lásúnkànmí ń sọ̀rọ̀ Joseph, àbúrò rẹ̀ tó já lórí ọ̀pẹ lọ́nà Ìlọ́rọ̀. Ọjọ́ yẹn, kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe gbé e gun òkè, tó ń béèrè omi, tí omi ò sí. Àwọn ọmọdé pàápàá dákẹ́. Omijé wà lójú Adéjọkẹ́. Ibẹ̀ ni ìjàlọ kan ti gun itan rẹ̀, ó bù ú jẹ. Ó fi ọwọ́ gbá a, gbàá.

Ẹ̀yínadé bú sẹ́rìn-ín. Kò rín in dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá yí ojú sí i.

"Joseph ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Bàbá béèrè.

"Ó ti jáde," Samuel ní. "Ohun tó wà nínú ẹ̀ ti jáde."

Ọláyẹmí ti dìde. "Èmi ò ní tẹ̀ lé ẹni tó ń fi òkú wa rẹ́rìn-ín lọ sin òkú tiẹ̀."

Ẹ̀yínadé kúnlẹ̀. Ó wo Adéjọkẹ́. Adéjọkẹ́ di ọwọ́ mọ́ itan.

"Bàbá, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ," Ẹ̀yínadé ní. "Ọwọ́ ẹnì kan ni mò ń wò. Láti ìgbà tí mo ti ń rẹ́rìn-ín nínú ulé yìí, kò sí ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Mò ń rín in kí wọ́n lè bá mi sin bàbá mi ni."

Ẹ rò ó wò, nínú ilé ẹlẹ́fẹ̀. Bí ó bá bú wọn ni ì bá sàn.

"Kò sí ọ̀kan?" Ó dun Bàbá gan-an. "Èyí tí mo sọ nípa ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Ó ṣe mí láàánú, Bàbá. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ni mò ń rò."

Adéjọkẹ́ bá la ọwọ́ rẹ̀, ìjàlọ wà níbẹ̀, ó ti fọ́. "Ọwọ́ mi ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Kòkòrò ló ṣì í lọ́nà."

Bàbá wo kòkòrò náà. "Ìyàwó," ó ní, "lọ jókòó ti iṣẹ́ rẹ. Ẹni tó bá tún bẹ̀ ọ́ ní ẹ̀rín nínú ulé yìí, èmi ló pè níjà."

"Ti Ayétòrò ńkọ́?" Ọláyẹmí béèrè.

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ilé nìyẹn. Èmi ò lè fi pàṣán lé yín lọ síbi òkú."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nílẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò dá sí i. Ẹ̀yínadé ò tún bẹ ẹnikẹ́ni. Kí kòkó tó gbẹ lọ́dún náà, bàbá rẹ̀ kú. Ó wé gèlè rẹ̀ láàárọ̀, ó forí lé ibùdókọ̀ lóun nìkan. Ó bá Adéjọkẹ́ nínú mọ́tò, òun àti àwọn yòókù, wọ́n ti fún ara wọn mọ́ra. Ọláyẹmí nìkan ni kò wá. Títí wọ́n fi kọjá Aramọkọ, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, nítorí wọn ò mọ ohun tí èèyàn ń bá ẹni bẹ́ẹ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n sọ̀ lẹ́bàá Ayétòrò, Adéjọkẹ́ dá orin, wọ́n gbè é. Ẹ̀yínadé ṣáájú wọn. Kò jó, kò sunkún, ojú rẹ̀ wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ jáde síta, àgbà kan ní, "Ẹ wò ó, bàbá rẹ̀ gan-an ló ń rìn bọ̀ yìí." Ẹ̀yínadé mí kanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ẹ̀fọ̀n, bó bá ti wọ àgbàlá, ọ̀rọ̀ á dá lẹ́nu wọn. Bó bá kọjá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń káàánú rẹ̀. Òun ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni òun ti ń rí abẹ́rẹ́ òun dáadáa. Ọláyẹmí ni kò gbà. Títí di ọjọ́ tó kó lọ sí Ìlọ́rọ̀, bí oníbàárà bá ń gbé aṣọ bọ̀ wá fún Ẹ̀yínadé, á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, á ní ṣé ó mọ̀ pé obìnrin inú ilé yẹn ń fi òkú rẹ́rìn-ín, pé... Hẹ̀n? Ta ní ń pè mí? Mo ti gbọ́, Olúwatóyìn, mò ń bọ̀, má jẹ̀ẹ́ kí ọbẹ̀ náà jó o.