Ọwọ́ Avril Lápá Ẹ̀wù Desmond

Píń. Bí ìgbà tí ṣíbí kékeré bá kan ẹnu ife dígí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì dákẹ́. Desmond Thirkettle kò tíì tó ọmọ tó ń lọ sílé ìwé nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ìró yẹn. Ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí bàbá rẹ̀ fi ń kó eèsún tí wọ́n fi ń bo òrùlé ní Holmsey, ìlú kékeré kan létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ń fi dòjé gé e lọ, ṣáà, ṣáà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ náà ló nàka sínú koríko tó ga jù wọ́n lọ, tó ní, "Dádì, ẹnì kan wà níbẹ̀ yẹn." Bàbá dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Nígbà tó yá, ẹyẹ kékeré kan tó pupa bí iyẹ̀pẹ̀ gun orí eèsún jáde, irun dúdú wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì bíi ti bàbá arúgbó. Onírùngbọ̀n ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń sọ fún gbogbo ará Holmsey pé etí ọmọ òun kì í ṣe etí lásán.

Òkìkí náà bá Desmond dàgbà. Mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, tí àwọn ẹyẹ àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sórí ẹrẹ̀ etí òkun, òun ló ń ṣíwájú àwọn tó máa ń wá wo ẹyẹ lọ́jọ́ Sunday. Àwọn yòókù á gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, wọ́n á máa wá ohun tó ń mì. Desmond á di ojú, á sì dárúkọ ẹyẹ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Kò sí ìgbà tó ṣì í.

Ogójì ọdún nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ́ńjìnnì ti ń bú ramúramù kò sì lè fi etí ènìyàn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn dáadáa, ó ń gbọ́ igbe àwọn ẹyẹ ńlá, nítorí náà kò sí ẹni tó fura. Avril aya rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó wọlé láti ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ kan, ó bá kẹ́túlù tó ń súfèé tí omi rẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbẹ tán, Desmond sì jókòó tì í, ó ń ka ìwé ìròyìn. Avril pa iná. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ó wọ bàtà ẹrẹ̀, ó ní òun ń bá a lọ.

Ọdún pípẹ́ tí Desmond fi ń sín ohùn ẹyẹ jẹ nídìí oúnjẹ ti kọ́ obìnrin náà ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ rẹ̀. Bí ohùn tín-ín-rín kan bá dún, yóò fa apá ẹ̀wù rẹ̀. Fífà kan ni ẹyẹ apẹja aláwọ̀ aró, fífà méjì sì ni onírùngbọ̀n. Desmond á di ojú, á dárúkọ. Wọn kò fìgbà kan jọ sọ ọ́ rárá, ì báà jẹ́ lórí ibùsùn.

Níbo ni ẹ̀fẹ̀ tí Desmond máa ń fi Avril ṣe ti wá? Àlejò kan ló béèrè lọ́jọ́ kan bóyá màdáámú náà mọ ẹyẹ. Àyà Desmond já. Ó dáhùn kíákíá: "Avril kẹ̀? Bí pẹ́pẹ́yẹ bá já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ ẹ̀, á ní ológbò ni!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Avril náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, kò sí Sunday kan tí kò sọ ọ́, nítorí bí wọ́n bá ti ń fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tí yóò wo ọwọ́ rẹ̀.

Ní Sunday kan ní ìparí oṣù Ògọ́ọ̀sì, òkun kún dé ìdí bèbè, òrùn mú, èso ẹlẹ́gùn-ún ti dúdú lẹ́bàá ọ̀nà. Roy Gotts, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wo ẹyẹ, tó ń ṣe búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, ti gbé awò ńlá rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Desmond, o pẹ́ o! Àwọn ẹyẹ ní àwọn ò ní lanu àfi tó o bá dé."

"Kí wọ́n má ráhùn. Ṣé ìwọ lò ń gbé awò yẹn ni, Roy, àbí òun ló ń gbé ẹ dúró?"

Àlejò kan wà láàárín wọn, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ tó wá láti Leicester, tó ń jẹ́ Bhavna. Ó yíjú sí Avril. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ẹ̀yin náà mọ ohùn àwọn ẹyẹ?"

Avril la ẹnu. Desmond ti gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Òun kẹ̀? Bí pẹ́pẹ́yẹ bá já bisikíìtì gbà lọ́wọ́ ẹ̀..."

Ó sọ ọ́ parí. Bhavna kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo tọkọtaya náà. Roy ń wo bàtà ara rẹ̀. Avril bojú wo ọkọ rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí kò ṣe bí ẹni tó ti ru ẹrù dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó mú ọwọ́ kúrò lápá ẹ̀wù náà, ó sì ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Wọ́n rìn dé ibi tí bèbè ti yà wọ inú eèsún. Lójijì Bhavna dúró.

"Ẹ gbọ́! Kí nìyẹn?"

Gbogbo ojú yí sí Desmond. Ó di ojú, ó ń retí ọwọ́. Ó gbọ́ òkun. Ó gbọ́ bí Roy ṣe ń mí. Ọwọ́ kò wá.

"Apẹja aláwọ̀ aró ni," ló wí. "Ó ti kọjá."

"Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ké," ni Bhavna wí. "Inú eèsún ibí yìí ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìka sókè nígbàkígbà tó bá dún, kí ó lè ràn án lọ́wọ́. Desmond la ojú, ó ń wo ìka náà bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀, láàárín ìdákẹ́jẹ́ tó wà lágbárí rẹ̀.

"Onírùngbọ̀n ni," ni Avril wí wọ́ọ́rọ́. "Wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, ohùn tiwọn ò tíì dán."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Desmond ti jẹ́wọ́. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ẹ̀fẹ̀ ti mọ́ lára kò dúró de ọkàn. "Ẹ ò rí i," ló wí, "ó ṣèèṣì bá a! Pẹ́pẹ́yẹ yẹn ti ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bhavna béèrè lọ́wọ́ Avril ibi tí òun lè kọjú awò sí. Avril bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi hàn án, àwọn yòókù sì rọ̀gbà yí wọn ká. Bí wọ́n ṣe bá Avril lọ níwájú nìyẹn. Desmond àti Roy ló kù lẹ́yìn.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni Desmond wí. "Ó ń gbé ohùn lọ."

"Kò sáfẹ́fẹ́, Desmond."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ta ló mọ̀?"

"Gbogbo wa. Ó ti pẹ́. Ọwọ́ Avril la máa ń wò. Tó bá ti fà ẹ́ báyìí, àwa náà á gbé awò sójú."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ká sọ pé kí ni? Pé etí ẹ ń lọ? Eyín tèmi ńkọ́? Ṣó o rí mi níbi tí mo ti ń fọ́ ẹ̀pà?" Roy gbé awò láti èjìká kan sí èkejì. "Ọ̀rọ̀ bisikíìtì yẹn ló ń dùn wá. Ìyàwó tèmi ò bá wa jáde mọ́ nítorí ẹ̀. Ó ní òun ò lè máa wo obìnrin tó ń yá ọkọ ẹ̀ létí, kí ọkọ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́."

Ìtìjú gba Desmond láti ọrùn dé orí. Kì í ṣe ti etí mọ́. Ó ń rántí bí Avril ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kí ẹ̀rín náà tó jáde, ohun tó ti rí nígbà gbogbo, tó sì ti pinnu láti má rí. Gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti rí i. Sunday lẹ́yìn Sunday ni wọ́n dúró tì í, tí wọ́n ń wò ó.

Nígbà tó dé ahéré pákó tí wọ́n máa ń jókòó sí wo ẹyẹ, wọ́n ti ń mu tíì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. Wọ́n yíjú sí i. "Gbogbo ohun tí mo ń dárúkọ fún yín lọ́jọ́ wọ̀nyí, Avril ló ń gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ ọ. Yẹ̀yẹ́ tí mo sì ń fi í ṣe..." Ó yíjú sí Avril. "Mo fi ń bo ara mi ni. Ó burú."

Ẹnì kan gbé ife kalẹ̀. Avril kò gbójú sókè kúrò lára fúláàsì tó ń dà.

"Tíì ẹ ń tutù," ló wí fún un.

Roy wú ikọ́. "Avril, ìgbà wo la máa wá ní Sunday tó ń bọ̀?"

"Òkun á pẹ́ kó tó kún. Ẹ jẹun ọ̀sán ná, kẹ́ ẹ tó wá."

Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn. Wọ́n dìde, wọ́n ń wọ ẹ̀wù, wọ́n ń béèrè èyí, wọ́n ń béèrè tọ̀hún lọ́wọ́ Avril. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Mo ń sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀. Ìwọ bá wa ti ibí yìí."

Desmond gbọ́ bàtà wọn lórí òkúta, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ó da tíì náà nù, ó fọ ife, ó gbá ẹrẹ̀ tí bàtà kó wọlé. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn fèrèsé pákó lọ́kọ̀ọ̀kan láti òpin ahéré, ó ń fi ìkọ́ kọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù lórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó kẹ́yìn ti wú nítorí iyọ̀ òkun. Ó fi èjìká gbé e títí tó fi wọ àyè rẹ̀. Ó jáde, ó fi ìdábùú há ilẹ̀kùn, ó sì fi ọwọ́ tì í wò bóyá ó dì.