Àkùkọ Inú Yàrá Kòkó

Bí mo bá ti gbóòórùn àdí, ọyẹ́ ọdún ìjà ìbò ní Odigbo ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi fi àdí pa ogbe àkùkọ wa tí ọyẹ́ là, ó yà á kúrò láàárín àwọn abo adìẹ tó ń ṣá a, ó tì í mọ́ yàrá kòkó. Ó ní bàbá mi ti lọ sí Ago Alaye.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin mẹ́ta gbé àdá àti bẹntiróòlù dé, wọ́n ń wá bàbá mi. Nǹkan ró gbì nínú yàrá. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Àkùkọ ni o! Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi!"

Wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Inú bí mi, nítorí ìyá mi kì í purọ́. Mo sáré ṣílẹ̀kùn kí wọ́n lè rí àkùkọ wa.

Àkùkọ ló kọ́kọ́ fò jáde. Wọ́n wá wọ́ bàbá mi jáde tẹ̀lé e.

Ìyá mi ò bá mi wí lórí ilẹ̀kùn yẹn títí tó fi kú.